Ṣọ́ọ̀bù Tó Rán Wa Jáde

Bí a bá dárúkọ Ìjàyè láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa, ogun ló kọ́kọ́ máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Ẹni tó ka lítíréṣọ̀ níléèwé á ní, "Háà, Kúrunmí!" torí ó ti pàdé rẹ̀ nínú eré tí Ola Rotimi kọ. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn á ní Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni, pé ó kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin lẹ́yìn tí Àtìbà wàjà ní 1859, pé Ìbàdàn gbógun tì í, àti pé Ìjàyè fọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1862. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ fún àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun níbòmíràn báyìí, nǹkan mìíràn ni Ìjàyè jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ni. Ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan, olórule páànù, tí wọ́n kọ́ mọ́ ara ilé bàbá wa, tó kọjú sí títì.

Àwa mẹ́rin ni ìyá wa bí. Ọ̀kan nínú wa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, òun ló sì ń tẹ èyí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dá ìtàn ṣọ́ọ̀bù yẹn sọ nínú wa, torí náà "a" ni ẹ óò máa rí títí dé ìparí.

Fún ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà: ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ni Ìjàyè wà, nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ dé Mọ́níyà, níbi tí rélùwéè láti Èkó ń parí ìrìn rẹ̀ sí láti ọdún 2021, kí ẹ wá gba títì tó lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ óò bá Ìjàyè lójú ọ̀nà. Oko ló pọ̀ jù níbẹ̀: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu, ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá ń wá odi Kúrunmí lè kọjá ṣọ́ọ̀bù wa láì wojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bá a ṣe ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ló fẹ́ dá àárín wa rú lọ́dún tó kọjá. Màmá ti dàgbà, orúnkún ń dùn ún, ìbéèrè sì délẹ̀: ta ló kàn?

Kí a tó dé orí tiwa, ẹ jẹ́ ká sọ ti ọkùnrin kan tí Ìjàyè lé jáde, tó lọ di onísọ́ọ̀bù.

James Churchwill Vaughan ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Camden, ní South Carolina, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní 1828. Bàbá rẹ̀, Scipio Vaughan, ti ṣe ẹrú rí kó tó gba òmìnira. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Ohun tí ìdílé wọn ń sọ fún ara wọn ni pé nígbà tí bàbá ń kú lọ, ó ní kí àwọn ọmọ òun padà sí Áfíríkà. Kò yani lẹ́nu. Ní South Carolina ìgbà náà, èèyàn dúdú lè ní òmìnira nínú ìwé kó má rí i lò lójú pópó. Ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó wọkọ̀ ojú omi, ó dé Làìbéríà ní 1853. Ní nǹkan bí 1855, àwọn míṣánnárì Baptist mú un wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti máa bá wọn kọ́lé. Ìjàyè ni Thomas Jefferson Bowen, aṣáájú wọn, ti dá ibùdó sílẹ̀ ní 1853, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Kúrunmí. Bowen yìí kan náà ló kọ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí àwọn kan mọ̀ sí ilẹ̀ ogun nìkan, ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ èdè wa jọ sínú ìwé.

Ogun dé, kò sì mọ káfíńtà yàtọ̀ sí jagunjagun. Nígbà tí Ìjàyè fọ́, àwọn tó lè sá sá. Ọ̀pọ̀ gba Abẹ́òkúta lọ, títí dòní sì ni àdúgbò Ìjàyè wà ní Abẹ́òkúta. Àwọn míṣánnárì kó àwọn ọmọ tí ogun ti sọ di aláìlóbìí lọ síbẹ̀. Abẹ́òkúta náà ni Vaughan forí lé. Ó fẹ́ Sarah Ọmọ́tayọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọdún 1867 pé, ni Ìfọ́lé bá tún ṣẹlẹ̀: ará ìlú dìde sí àwọn míṣánnárì àti àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n kó ẹrù, wọ́n lé wọn jáde. Ẹ kà á wò o. Camden, Ìjàyè, Abẹ́òkúta. Ìgbà kẹta rèé tí ọkùnrin kan náà ń fi ibi tó ń gbé sílẹ̀ torí pé àwọn mìíràn ló ní àṣẹ lórí ibẹ̀.

Èkó ló dé. Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó láti 1861, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé sì ń kọ́lé kiri erékùṣù náà. Ẹni tó bá ń kọ́lé yóò ra ìṣó, yóò ra kọ́kọ́rọ́, yóò ra àgádágodo àti irin tí ìlẹ̀kùn fi ń yí. Káfíńtà ló mọ èyí tó dára nínú wọn. Vaughan bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di òwò: ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé tó gbòòrò débi pé ó di ọ̀kan lára àwọn olówó Èkó ayé ìgbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lisa Lindsay kọ odindi ìwé lórí rẹ̀ ní 2017, Atlantic Bonds ló pè é. Bí ẹ bá rí i, ẹ kà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá gbà wá lọ́kàn jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1888. Lọ́dún yẹn, míṣánnárì òyìnbó tó ń darí ìjọ Baptist l'Ékòó yọ àlùfáà Yorùbá kan, Moses Ladejo Stone, nípò, kò bi ìjọ léèrè. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ò dùn. Wọ́n jáde, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀, ìjọ tí kò sí lábẹ́ òyìnbó kankan. Vaughan wà lára àwọn tó síwájú. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan lójú tiwa. Ta ló lè dìde nínú ìjọ kó ní òun ò gbà? Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ míṣánnárì, ńṣe ni yóò kọ́kọ́ wo ẹnu ọmọ nílé. Vaughan náà ti jẹun lọ́wọ́ wọn rí, ní Ìjàyè. Àmọ́ ní 1888, ìṣó ló ń tà. Bí òyìnbó bínú sí i, wọn ò ní torí ẹ̀ ṣíwọ́ ilé kíkọ́ l'Ékòó.

A rò pé ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń ṣe fúnni nìyẹn. Èrè orí ọjà wà níbẹ̀, àmọ́ agbára láti sọ pé "rárá" wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Vaughan kú ní 1893. James Wilson, ọmọ rẹ̀, ṣòwò, ó sì lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìran ń lọ. Ọmọ James Wilson, tí òun náà ń jẹ́ J.C. Vaughan bíi bàbá àgbà rẹ̀, lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní yunifásítì Glasgow. Ó padà dé, ó ń tọ́jú aláìsàn l'Ékòó, ó sì wà lára àwọn tó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934, ẹgbẹ́ tó padà di Nigerian Youth Movement. Nínú ìran kan náà ni Kofoworola Ademola ti jáde, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè ní Oxford, ní 1935. Dókítà, ọmọwé, àwọn èèyàn ńlá. Ta ló wá ń ta ìṣó?

Ìbéèrè yẹn ni tiwa gan-an.

Ìyá àgbà wa ló bẹ̀rẹ̀. Orí àtẹ ló ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi, pẹ̀lú iyọ̀, ìṣáná, ọṣẹ dúdú àti kẹrosíìnì tó ń fi ìgò wọ̀n. Nígbà tó rówó díẹ̀, bàbá wa bá a fa ògiri mẹ́rin yọ lára ilé. Màmá wa, tó jẹ́ ìyàwó ilé nígbà náà, ló ń bá a jókòó tì í. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá àgbà kò gbà á mọ́, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fi sí Màmá lọ́wọ́. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. "Máa ṣí i láàárọ̀," ìyẹn nìkan ló wí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ọrọ̀ ajé Nàìjíríà, kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Màmá, kó máa wo bí ọjà ṣe ń kéré sí i. Odindi agolo mílíìkì ni wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé ní 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, àwọn oníbàárà ń béèrè ìdajì. Nígbà tí àwa ń dàgbà, ọ̀rá kékeré ti gba ipò agolo: ọ̀rá mílíìkì, ọ̀rá ọṣẹ, ọ̀rá tòmátò. Orí ẹní lálẹ́ ni a ti máa ń di súgà sínú ọ̀rá, a ó so ó ní ìdí, a ó kà á ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ibẹ̀ la ti mọ ìṣirò kí a tó mọ̀ ọ́n níléèwé. Àwọn tó bá mọ kọ̀ǹpútà yóò mọ ohun tí a ń wí: pípín nǹkan ńlá sí wẹ́wẹ́ kó lè rọrùn láti gbé. Màmá ò kà á nínú ìwé kankan.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa nìkan ló gbé inú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Télọ̀ kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí igun kan fún ọdún mẹ́rin, kò san ju owó iná lọ. Bàbá kan tó ń gba ara dídùn wá láti Kíṣì máa ń kó àpò iṣu rẹ̀ sí ẹ̀yìn káńtà títí ọkọ̀ yóò fi dé. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń sá òjò síbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ ọjà títà níbẹ̀, a ti ka márùn-ún, mẹ́rin ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ẹni karùn-ún ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù yìí ló san owó iléèwé wa. Ìdánwò WAEC, fọ́ọ̀mù JAMB, owó háósì fún ọdún mẹ́rin tó di mẹ́fà nítorí ìyanṣẹ́lódì, kọ̀ǹpútà àgbéléka àkọ́kọ́ tí bátìrì rẹ̀ kì í pé wákàtí kan: inú àpótí owó yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Bó ṣe ń san án, bẹ́ẹ̀ ló ń lé wa jìnnà sí ara rẹ̀. Ẹni tó kàwé kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rẹ̀ ò sí ní Ìjàyè. Ẹni tó kàwé nọ́ọ̀sì ti kọjá sókè òkun. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ṣe dáadáa, ọmọ onísọ́ọ̀bù kì í jókòó síbẹ̀. Bó ṣe rí fún ìran Vaughan náà nìyẹn, àfi pé tiwọn wà nínú ìwé ìtàn.

Ní 2019, a kọ ètò kan sórí fóònù fún Màmá. Ó ń ka ọjà tó kù, ó ń ṣírò èrè, bí gbèsè oníbàárà bá sì ti kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, yóò di pupa. Màmá gbà á, ó sì ń lò ó láti fi mọ ìgbà tó yẹ kó ra ọjà tuntun. Àmọ́ ìwé àwìn rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Lọ́jọ́ kan, a jókòó kà á láti ojú ewé kìn-ín-ní. Nínú ètò tiwa, orúkọ, iye owó àti ọjọ́ ló wà níbẹ̀. Nínú tirẹ̀: "Bàbá elẹ́gẹ̀ẹ́, ó di ìgbà tó bá tu ú." "Ìyá Ìbejì, má bi í níwájú ọkọ rẹ̀." "Tíṣà, owó oṣù ò tíì jáde." Ọjọ́ kò jẹ mọ́ ọn níbẹ̀, òjò àti ìkórè ló fi ń ka ìgbà. A wá fi àyè kan kún ètò wa, a pè é ní "ìdí." Nínú gbogbo ètò tí a ti kọ fún àwọn tó ń san owó ńlá fún wa, àyè yẹn la fẹ́ràn jù.

Ìwé yẹn ló gba àwọn kan là ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ẹ̀yin náà ò lè tíì gbàgbé. Báńkì àpapọ̀ ní àsìkò owó 200, 500 àti 1000 àtijọ́ ti tán, owó tuntun ò sì dé ọwọ́ aráàlú. Títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi dájọ́ ní oṣù Kẹta pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ, owó tún ń ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ẹni tó ní owó ní báńkì ò rí gààrí rà. Màmá ra ìwé tuntun olójú ewé ọgọ́rùn-ún, ó ń kọ. Ó kọ ọ́ kún. Nígbà tí owó padà wá, wọ́n san án, wọ́n rọra ń san án, títí ó fi kù díẹ̀ pátápátá. Kò sí ìlànà báńkì kankan tó máa fọwọ́ sí irú àwìn yẹn. Ojú tí wọ́n fi ń rí ara wọn lójoojúmọ́ ló fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni títì tuntun àti epo tó gbówó lórí dé sórí ọ̀rọ̀. Títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ti dára, mọ́tò ń já fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà sì ti wọ́n. Ọkùnrin kan wá bá wa: ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, yóò san owó ọdún méjì papọ̀, POS àti ọjà fóònù ni yóò máa ṣe níbẹ̀. Owó tó pè ju èrè Màmá fún ọdún méjì lọ dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé orí WhatsApp.

A jiyàn, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní òògùn orúnkún Màmá ò ṣeé fi ìtàn rà. Òótọ́ ni. Àbúrò wa obìnrin ní ọmọ tó wà níbẹ̀ ńkọ́, ọmọbìnrin karùn-ún yẹn, tó ti ń bá Màmá tajà fún ọdún mẹ́jọ, tó mọ ìwé àwìn bí ẹni mọ Sáàmù, tó jẹ́ pé òun ló ń fi omi gbóná tẹ orúnkún tí à ń sọ yìí? Ẹ̀gbọ́n dáhùn: "Ṣọ́ọ̀bù ẹbí ni. Ọmọ yẹn kì í ṣe ẹbí." Ẹnu wa pa fún ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ Vaughan ló ń bọ̀ wá sí wa lọ́kàn lọ́jọ́ méjì náà. Ọkùnrin tó rékọjá òkun wá sí Ìjàyè, tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí kò gbọ́ èdè wa, ilẹ̀ yìí ló padà sọ ọ́ di ẹbí. Kí ni ẹbí fẹ́ pè é lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé? Àti pé àwa tí a jẹ́ ẹ̀jẹ̀, èwo nínú wa ló ṣe tán láti máa ṣí ilẹ̀kùn yẹn ní aago mẹ́fà àárọ̀? A bi ara wa, ìkan ò dáhùn.

A wá bi ẹni tó ni ín. Màmá ní òun ń retí ọjọ́ tí a ó rántí béèrè. Ó ní, "Ẹni tó ń ṣí i láàárọ̀ ló ni ín. Bí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ìyá yín àgbà kọ́ ló wà lára mi."

Gbólóhùn yẹn ló parí ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó ti rò ó rí nínú wa pé ìyàwó ilé ni Màmá, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá, kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ń gbà kọjá.

Àdéhùn tí a ṣe rèé: ọmọbìnrin náà gba ṣọ́ọ̀bù, ó ń san ìwọ̀nba owó kan fún Màmá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwa mẹ́rin sì pín owó òògùn láàárín ara wa lóṣooṣù. Ẹ̀gbọ́n wa ló kọ́kọ́ san tirẹ̀. Ọjà tó wà nílẹ̀, a kà á, a fi iye rẹ̀ sílẹ̀ fún un ní owó òwò, yóò dá a padà ní wẹ́wẹ́. Ó ní òun yóò máa lo ètò orí fóònù náà, torí òun mọ fóònù ju Màmá lọ. Ó sì ní kí a jọ̀ọ́, kí a fi ìwé àwìn sílẹ̀ fún òun.

Màmá ní kò burú, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá òun mú bírò pupa wá. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ṣí ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń wá orúkọ àwọn tó ti kú. Bó bá ti rí ọ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀, á sọ irú èèyàn tó jẹ́ àti ohun tó máa ń rà, á wá fa ìlà sórí gbèsè rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Nígbà tó parí, ó ti ìwé náà sí iwájú ọmọ. "Àwọn tó kù yẹn ṣì wà láàyè," ó ní. "Wọ́n á san. Má pariwo lé wọn lórí."